Ìwé Ọ̀fẹ́ Tí Ramlah Kò Kà Tán

"Ìyá àgbà, ẹ má fara kan wáyà yẹn o."

Ramlah, ọmọ ọmọ mi, ló sọ bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà.

"Kí n má fara kàn án báwo? Ìdí mi nìkan ti gba ìdajì ṣọ́ọ̀bù yín."

Ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí, mo ń di ẹ̀pà sínú bébà. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n òjò ti ṣú bo Agbowó débi pé àwọn ọlọ́kadà ti tan iná.

Ṣọ́ọ̀bù ìyá Ramlah ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì a máa gbé iṣẹ́ àṣekágbá tí wọ́n fọwọ́ kọ wá síbẹ̀, Ramlah, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, a sì máa bá ìyá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ Adéwùnmí, ọ̀kan nínú wọn, wà nínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà, ó pé. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Adéwùnmí yóò gbé e síwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀.

Línúksì ló ń darí kọ̀ǹpútà yẹn, ètò kan tí àwọn tó ṣe é fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Inú ìwé ìtọ́ni ọ̀fẹ́ tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni Ramlah ti kọ́ ọ, láìsí olùkọ́. Mo fi í yangàn títí, èmi tí mi ò mọ̀ ju pé kọ̀ǹpútà máa ń gbóná. Ó wá ní òun fẹ́ gbé ètò náà sí ẹ̀dà tuntun.

Wándé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún fóònù ṣe ní ìsọ̀ kejì, fara ti ilẹ̀kùn. "O ṣì ń kàwé? Tẹ̀ ẹ́ jàre."

"Wọ́n ní ká kọ́kọ́ ṣe àdàkọ gbogbo iṣẹ́ síbòmíràn."

"Ìwọ náà ti darúgbó bíi màmá yìí."

Ramlah rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn ìlà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú kọ̀ǹpútà bí ìjàlọ tó ń wọ ilé onílé. Ààrá sán. Iná lọ.

Nígbà tí iná padà dé, kọ̀ǹpútà tan, ṣùgbọ́n kò wọlé. Òógùn bo Ramlah. Ó mú fóònù rẹ̀. "Ìwé náà sọ ohun tí èèyàn máa ṣe. Orí keje ni."

"Ta ló fẹ́ ka orí keje?" Wándé ti yọ fíláàṣì tí ètò tuntun wà nínú rẹ̀ jáde. "Jẹ́ ká fi tuntun sí i láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ramlah," mo ní, "ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ o."

"Màmá, ẹ máa di ẹ̀pà yín," Wándé ní.

Kọ̀ǹpútà bi wọ́n bóyá kí òun nu gbogbo ohun tó wà nínú òun. Ramlah wo ojú Wándé. Ó tẹ̀ ẹ́.

Kò pẹ́, kọ̀ǹpútà ń dán bí ojú ìyàwó. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Ìyá àgbà, ìwé tí Àǹtí Adéwùnmí fọwọ́ kọ dà?"

Mo wo ọwọ́ mi. Àṣà ṣọ́ọ̀bù wa ni: iṣẹ́ tí a bá ti tẹ̀ tán, bébà rẹ̀ di ti ẹlẹ́pà. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń fi í di ẹ̀pà fún àwọn oníbàárà, èmi tí mò ń pàṣẹ ẹ̀sọ̀ fún àwọn ọmọdé. Mo fẹ́ fi ara mi rẹ́rìn-ín bí mo ti máa ń ṣe. Ẹ̀rín náà kò jáde.

Adéwùnmí sì wọlé nínú òjò. "Ẹ káàsán, màmá. Ramlah, ṣé iṣẹ́ mi ti jáde lórí bébà?"

Wándé ti yọ́ lọ. Ramlah kúnlẹ̀. "Àǹtí, ó ti pa rẹ́. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú mi, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

Adéwùnmí rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. "Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Nírọ̀lẹ́, Ramlah ka orí keje sí mi létí. Ó ní bí iná bá lọ lẹ́nu iṣẹ́, kí èèyàn má fòyà. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àṣẹ ìlà kan péré ni yóò tún ètò náà ṣe. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Àwọn ẹgbẹ́ Adéwùnmí kẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ́dún yẹn, òun kò bá wọn jáde. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Ramlah fi jókòó tì í lọ́sàn-án, tí Adéwùnmí ń pe ohun tó bá rántí, tí Ramlah ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìwé tí wọ́n fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣe ìwé yẹpẹrẹ. Àìkà á ni kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹlòmíràn ló sì máa ń sanwó rẹ̀ nígbà mìíràn.