Obìnrin Tó Ń Fetí Se Oúnjẹ

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Elétí rí obìnrin náà, orí obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ìkòkò. Ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pa ojú méjèèjì dé, ìborí rẹ̀ sì ti yọ̀ títí tó fi kù díẹ̀ kí etí rẹ̀ kan òróró gbígbóná. Kámẹ́rà dojú kọ ọ́ níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, iná ńláńlá ń tàn sí i lára, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

“Ẹ gbé orí sókè, Àǹtí,” ni Ọ̀gá wí, ìyẹn obìnrin tó ń darí ètò oúnjẹ náà lórí tẹlifíṣọ̀n. “Ojú yín la fẹ́ wò, kì í ṣe ìpàkọ́ yín.”

“Ẹ má bínú, mà. Àlùbọ́sà yìí ni mi ò gbọ́.”

Gbogbo sítúdíò bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan béèrè bóyá àlùbọ́sà náà ń pè é lórúkọ. Ẹni kan ṣoṣo tí kò rẹ́rìn-ín ni ọkùnrin tó gbé ọ̀pá máìkì gígùn dání, tó fi ẹ̀rọ bo etí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa gbọ́ ohun tí àwọn yòókù kò kà sí. Elétí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ó gbọ́ àlùbọ́sà náà dáadáa: ó ń ta pàrà-pàrà, ó sì ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí omi ara rẹ̀ ti ń gbẹ. Ó tún gbọ́ ohun tó ń dí obìnrin náà létí, ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kùn lókè orí wọn bí oyin nínú ihò.

Nígbà tí wọ́n sinmi, ó lọ bá a. Ohun tó nà sí i kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ.

“Ẹ fi sí etí.”

“Kí ni?”

“Ìkòkò yín ni.”

Ó ti fi máìkì kékeré kan há abẹ́ etí ààrò. Ó ṣí i. Ojú obìnrin náà yí padà bí ojú ẹni tó gbọ́ ohùn ará ilé rẹ̀ nínú èrò.

“Bùọ̀dá,” ó wí jẹ́jẹ́, “ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún mi.”

Kò yé Elétí nígbà náà.

Ọmọ òrukàn ni obìnrin náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ, obìnrin kan tó ní ilé oúnjẹ, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Olóúnjẹ. Ọwọ́ Màmá dùn, kò sì fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn dùn bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti fẹ́ da òróró sínú ìkòkò, á ti ìlẹ̀kùn ilé ìdáná. Ẹ̀yìnkùlé ni ọmọ náà ń jókòó sí, lórí àpótí kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tó ń mì jẹgẹjẹgẹ bó ti ń fọ abọ́. Ọṣẹ jẹ orí ìka rẹ̀ títí awọ fi bó. Omi òrùlé ń kán sí i lọ́rùn lásìkò òjò. Ohun kan ṣoṣo tó gbóná ní ẹ̀yìnkùlé náà ni ògiri ilé ìdáná, ibẹ̀ ló sì máa ń fi ẹ̀yìn tì.

Láti inú ògiri náà ló ti kọ́ iṣẹ́. Ó gbọ́ pé ẹran tó bá ti ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò máa ń wúkọ́. Ó gbọ́ pé omi tí kò tíì hó ló ń pariwo. Tó bá hó tán, á dákẹ́ bí àgbà. Kó tó di géńdé obìnrin, ó ti mọ oúnjẹ tí kò fi ojú rí sísè rẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ tí ẹ̀yìn dá Màmá dùbúlẹ̀, tí àwọn oníbàárà sì ti jókòó, ọmọ náà wọlé lọ dáná. Ọ̀gá wà lára àwọn tó jẹun lọ́jọ́ náà. Ó ní kí wọ́n pe alásè wá, ni ọmọbìnrin kan bá yọ sí i pẹ̀lú ọwọ́ tútù.

“Ta ló kọ́ ẹ?”

“Ògiri ni, mà.”

Bó ṣe dé orí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn. Látọjọ́ tí Elétí sì ti gbé ohùn ìkòkò wọ etí rẹ̀, oúnjẹ kan ò bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ mọ́. Elétí tún gbé ohùn náà sáfẹ́fẹ́ fún àwọn òǹwòran. Bí òróró bá ti kan iná, obìnrin náà á gbé ìka sókè: “Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́ ọ.” Gbogbo ilé á dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà di àwàdà ìgboro. Awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn á ní kí àwọn èrò dákẹ́, kí wọ́n gbọ́ ọ. Àǹtí Ìkòkò ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára bọ́ọ̀sì. Ó gba ilé tó dára, ó sì kó Màmá lọ síbẹ̀. Gbogbo àlejò ni Màmá ń sọ fún pé, “Èmi ni mo kọ́ ọ.”

Nírọ̀lẹ́, Elétí máa ń sìn ín dé ibùdókọ̀.

“Bùọ̀dá Elétí, kí lẹ gbọ́ lónìí?”

“Mo gbọ́ pé ebi ń pa ẹ́. Inú ẹ kùn nígbà tí o ń rẹ́ ẹ̀fọ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò dé ilé àwọn èèyàn?”

“Mo pa á mọ́. Tèmi nìyẹn.”

Á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín jẹ́jẹ́ kan tó máa ń ti imú wá kó tó dé ẹnu. Elétí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú sítúdíò. Ó gbà pé ti ibùdókọ̀ ni, ti òun nìkan. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tó ní àwòrán obìnrin náà lára á kọjá, á sì rántí bàtà ẹsẹ̀ òun tí wọ́n ti pààrọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó ń ké ní gbogbo ìgbà tó bá gbẹ́sẹ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín sì ń bẹ. Òun ni atọ́kùn ètò náà, ọkùnrin eléyín funfun tó máa ń tọ́ oúnjẹ wò níparí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni obìnrin náà ń fi ṣíbí bọ́ ọ, tí òun á pajú dé, á ní, “Ọwọ́ yìí ló máa pa mí.” Àwọn òǹwòran ti ń so wọ́n pọ̀ bíi tọkọtaya. Màmá Olóúnjẹ ti ń yan aṣọ ìgbéyàwó.

“Onímọ́tò ń bẹ nílẹ̀,” ni Màmá ń wí, “ẹni tó ń gbé ọ̀pá kiri lò ń bá rìn.”

Àwọn yòókù rí bí wọ́n ṣe ń bọ́ Ẹlẹ́rìn-ín. Elétí ń gbọ́ ọ ní tiẹ̀. Ó gbọ́ nígbà tí ṣíbí kan eyín, ó gbọ́ bí oúnjẹ ṣe ń gba ọ̀nà ọ̀fun lọ. Owú tí a fi ojú jẹ sàn díẹ̀, a lè gbójú kúrò. Kò síbi tí èèyàn ń gbétí sá lọ. Oúnjẹ kọ̀ ọ́. Ó rù.

“Elétí, jẹun o,” ni Ọ̀gá wí lọ́jọ́ kan. “Òjòwú ò lẹ́ran láyà.”

“Inú ló ń run mí, mà.”

“Mo mọ̀. Orúkọ àìsàn inú náà ni mo sọ yẹn.”

Ọjọ́ kan dé tí àwọn oníléeṣẹ́ ìkòkò wá jókòó sí sítúdíò. Bí ètò ọjọ́ náà bá wù wọ́n, orúkọ Àǹtí Ìkòkò ni wọn yóò fi sára gbogbo ìkòkò tí wọ́n bá ṣe. Ojú ẹsẹ̀ ni ètò náà ń dé ilé àwọn òǹwòran, kò sí àtúnṣe. Wọ́n dá ìsinmi díẹ̀ kí oúnjẹ tó kẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀. Nínú iṣẹ́ Elétí, bí wọ́n bá ti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ sinmi, gbogbo máìkì ni ẹni tó ń bójú tó ohùn gbọ́dọ̀ pa, nítorí ọ̀rọ̀ ìsinmi kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ó pa gbogbo rẹ̀. Ó fi èyí tó wà láyà aṣọ obìnrin náà sílẹ̀.

“Fẹ́ mi,” ni ohùn Ẹlẹ́rìn-ín wí nínú etí rẹ̀. “Ìwọ á máa sè, èmi á máa sọ̀rọ̀. Gbogbo ayé ti so wá pọ̀ tẹ́lẹ̀.”

Elétí tẹ ẹ̀rọ mọ́ etí. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín: ẹ̀rín jẹ́jẹ́ tó ń ti imú wá.

Elétí já ẹ̀rọ kúrò létí.

Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, obìnrin náà gbé ẹja sínú òróró, ó pajú dé, ó ń retí kí ẹja náà bá òun sọ̀rọ̀. Ọwọ́ Elétí wà lórí bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn ìkòkò lọ sí etí rẹ̀. Ó yí i wálẹ̀ pátápátá. Ó kàn fẹ́ kí obìnrin náà wà nínú ìdákẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kó mọ bó ṣe rí.

Obìnrin náà ṣì dúró. Ó gbẹ́kẹ̀ lé etí rẹ̀, nítorí náà kò lajú. Èéfín ti bo kámẹ́rà kí ó tó lajú. Àwọn oníléeṣẹ́ ìkòkò wo ara wọn, wọ́n pa àpò wọn dé.

“Ó ti jóná,” ni obìnrin náà wí fún àwọn òǹwòran. “Mi ò gbọ́ ọ. Ẹ forí jì mí.”

Nígbà tí ètò parí, Ọ̀gá béèrè bóyá ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Obìnrin náà yọ hóró kékeré náà kúrò létí. Ó wo Elétí.

“Rárá, mà. Èmi ni mo gbàgbé.”

Elétí sáré tẹ̀ lé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ máa ń hó ṣìì,” ni obìnrin náà wí kí Elétí tó lanu. “Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Èyí tí mo gbọ́ lónìí, èèyàn ló pa á.”

Elétí wolẹ̀.

“Màmá tìlẹ̀kùn mọ́ mi torí owú. Mi ò bá a jà, torí òde náà ni mo wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin, mo jẹ́ kí ẹ wọlé kí ẹ tó tìlẹ̀kùn mọ́ mi.”

Ó lọ. Kò wo ẹ̀yìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Elétí sọ òtítọ́ fún Ọ̀gá, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó lọ ń tún rédíò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà kò pẹ́ ní sítúdíò mọ́. Ó gba yàrá kan lẹ́yìn ilé télọ̀, ibi tí kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, ó gbé kámẹ́rà kan kalẹ̀, ó ń dá sè. Àwọn òǹwòran bá a lọ. Nínú yàrá jẹ́jẹ́ náà, ìkòkò ń sọ̀rọ̀ kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òkìkí rẹ̀ wá kọjá ti àtijọ́. Àwọn oníléeṣẹ́ ìkòkò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ẹlẹ́rìn-ín gbé rédíò wá sí ṣọ́ọ̀bù.

“Elétí! Ibí lo sá pamọ́ sí? Gbogbo wa lobìnrin yẹn kọ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo ní kó fẹ́ mi, ṣé o mọ ohun tó sọ?”

“Ó rẹ́rìn-ín,” ni Elétí wí, ó ṣì ń wo rédíò.

Ẹlẹ́rìn-ín gbé ọwọ́ kúrò lórí rédíò. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. “Báwo lo ṣe mọ̀? Èmi àti òun nìkan ló wà níbẹ̀.” Ó wò ó títí. “Háà. O gbọ́. O ò wá gbọ́ èyí tó kù?”

Elétí gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

“Ó ní kí n má bínú, ẹnìkan ti wà tó ń gbé ohùn ìkòkò wá bá òun, òun ń dúró kí onítọ̀hún lanu sọ̀rọ̀ ni. Mo rò pé àwàdà ni.” Ó mi orí. “Àgbọ́ìgbọ́tán, ìjà ní í dá sílẹ̀. Iṣẹ́ etí lò ń ṣe o, ọ̀rẹ́ mi.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Elétí lọ sí yàrá obìnrin náà, ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Obìnrin náà kì í tì í. Ó kẹ̀yìn sí òde, ó ń gé àlùbọ́sà.

“Bàtà yín ṣì ń ké,” ó wí.

“Mo wá bẹ̀ ẹ́.”

“Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn. Ẹ kọjú sí ògiri.”

Àpótí àtijọ́ ni, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ó ń mì jẹgẹjẹgẹ lábẹ́ Elétí.

“Ẹja ni mo fẹ́ dín. Ẹ sọ fún mi ìgbà tí mo máa gbé e kúrò nínú òróró.”

Elétí kọjú sí ògiri funfun, kò rí nǹkan kan. Ó gbọ́ òróró. Ó gbọ́ ẹja tó bọ́ sínú rẹ̀, ariwo rẹ̀, ìkùnsínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro ó, àpótí ń mì, kò sì gbọdọ̀ yíjú. Ó rò ó pé ọmọdé kan jókòó báyìí, tòun tọṣẹ lọ́wọ́, títí ó fi dàgbà.

“Ó kù díẹ̀,” ó wí. “Ó ń rọlẹ̀. Gbé e.”

Ẹja náà pọ́n dáadáa.

“Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ẹ̀yìn ògiri ṣe rí,” ni obìnrin náà wí.

“Mo ti mọ̀.” Elétí kò tíì yíjú. “Mi ò ní mọ́tò. Mo ń jowú, kò sì tíì tán lára mi. Mo gbọ́ ohun tí kì í ṣe tèmi, mo tún sá kí n tó gbọ́ èyí tó jẹ́ tèmi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ẹ. Jẹ́ kí n fẹ́ ẹ.”

Obìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́.

“Mo ti gbọ́ yín. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ dáhùn, ẹ máa gbọ́ èmi náà. Ní báyìí, máìkì mi ń ké bíi bàtà yín. Ẹ wá bá mi wò ó.”

Elétí padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò béèrè ìdáhùn.

Àwọn oníléeṣẹ́ ìkòkò dé nígbà tó yá, ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà kan ló ṣáájú wọn. Ó fi ìkòkò tuntun tó ní orúkọ obìnrin náà lára han gbogbo wọn. Wọ́n bu omi sí i, wọ́n gbé e kaná. Màmá Olóúnjẹ wà ní igun yàrá, ó ń sọ fún télọ̀ pé òun lòun kọ́ ọ. Elétí bẹ̀rẹ̀ sí í dán ohùn wò.

“Ẹ má pa máìkì tèmi o,” ni obìnrin náà pè sí i.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sún mọ́ ọn. “Ẹni tó dára tó báyìí,” ó wí, Elétí sì gbọ́ ọ ketekete, “ṣé kò tíì sẹ́nìkan nílé?”

Obìnrin náà wo inú ìkòkò.

Iná owú gun àyà Elétí. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀rọ tó bo etí rẹ̀, ó dì í mú. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń ti imú wá. Ìka Elétí le gbagidi lára ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n kò já a.

“Ẹ ṣé, ọ̀gá,” ni obìnrin náà wí. “Mo ti ní àfẹ́sọ́nà.”

“Kò burú. Níbo ló wà?”

“Nínú yàrá yìí ni. Ó ń gbọ́ wa lọ́wọ́. Ojú ẹ̀ á ti pọ́n bí ata.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò yíká, ó fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Obìnrin náà gbé máìkì àyà aṣọ rẹ̀ súnmọ́ ẹnu, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ó má baà dé etí ẹlòmíràn.

“Elétí mi. Ṣé ẹ gbọ́ ọ tán?”

Elétí gbójú sókè. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì gbé ohùn ìkòkò sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wọ etí obìnrin náà. Àwọn méjèèjì jọ fetí sí i. Omi tó ti ń pariwo láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e kaná ti dákẹ́. Ó ti hó.