Ìkòkò Funfun Tí A Kì í Bomi Sí

Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, bàbá Abẹ́rẹ́ a máa fi èékánná ta ẹnu àwọn ìkòkò òdòdó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì dẹtí bí ẹni tó ń retí ìdáhùn. Èyí tí ara rẹ̀ dá á dún gooro. Mọ́kànlá ni wọ́n lórí pẹpẹ pálọ̀, àtijọ́ sì ni gbogbo wọn, láti ayé àwọn amọ̀kòkò tó sọ pé àwọn ò ní ya ewé tàbí ẹyẹ sára ìkòkò mọ́, kí ìkòkò fi ìdúró rẹ̀ nìkan rẹwà. Ọ̀kan gùn lọ́rùn bíi lékeléke. Òmíràn ní ihò láàárín ikùn bí ẹni tí ebi ti pa kọjá ààlà. Bàbá, tó ń fi yíya àwòrán ilé jẹun, kì í kó wọn jọ gádagàda. A fi èyí tó ga sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó kúrú, a sì fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn. Ó ní àyè náà wà lára ẹ̀ṣọ́.

Abẹ́rẹ́ ló ń bá a nù wọ́n láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Bó ṣe tín-ín-rín ló fún un lórúkọ yẹn, ẹnu rẹ̀ tó mú ni kò jẹ́ kí orúkọ náà bọ́. Òfin kan ṣoṣo ni bàbá fún un: a kì í bomi sí ìkòkò funfun tó wà láàárín. Òun nìkan ni kì í dún gooro. Kọ́ ló máa ń dún, bí ẹni tí òtútù mú lọ́fun. Abẹ́rẹ́ rò pé bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Tó bá sì béèrè ìdí òfin náà, bàbá á ní, "Ṣáà gbọ́ tèmi."

Nígbà tí àyẹyẹ àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, Abẹ́rẹ́ àti Akọ̀wé ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe tábìlì àwọn àlejò pàtàkì lọ́ṣọ̀ọ́. Akọ̀wé ni ọmọkùnrin tí ìkọ̀wé rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olùkọ́ fi máa ń pè é sí ojú pátákó. Tó bá rẹ́rìn-ín, àyà Abẹ́rẹ́ a máa ta bí àgbàdo nínú agbada gbígbóná.

"A gbọ́ pé ìkòkò kún ilé yín," ni Redíò wí, ọ̀rẹ́ wọn tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, "tí ọ̀kankan nínú wọn ò mọ ọbẹ̀ lójú. Ṣé wọ́n wà lóòótọ́, àbí o kàn ń fi dá wa lára yá?"

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín. Èyí ló dun Abẹ́rẹ́ dé egungun.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ àyẹyẹ náà, bí bàbá ṣe jáde lọ síbi iṣẹ́, ó fi táwẹ̀lì wé ìkòkò funfun, ó gbé e lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó ti bá ọkàn ara rẹ̀ ṣe àdéhùn: koríko gbígbẹ lòun máa kì sí i, òun ò ní rú òfin kankan. Àmọ́ Akọ̀wé dé pẹ̀lú òdòdó tútù, ìrì ṣì wà lára wọn, ó gé wọn níwájú ilé ìyá rẹ̀ àgbà.

"Ìwọ ni mò ń rò nígbà tí mò ń gé wọn," ló sọ fún un, kò sì gbójú sókè.

Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tí yóò jẹ́ kí òdòdó náà rọ? Abẹ́rẹ́ bu omi sí ìkòkò dé ìdajì.

Fún wákàtí kan, kò sí ẹni tó wọ gbọ̀ngàn tí kò dúró wò ó. Redíò pàápàá pa ẹnu mọ́. Lẹ́yìn náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò sórí aṣọ tábìlì, tín-ín-rín, tẹ̀léra-tẹ̀léra, ìhà ìkòkò náà sì rọra là, ó dá sí mẹ́ta bí ẹni tó ti rẹ̀ tipẹ́. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ kan, pípọ́n, ti rọ̀ létí àwọn àfọ́kù bí ọṣẹ tó pẹ́ nínú omi. Abẹ́rẹ́ fi aṣọ nù ún dànù.

Akọ̀wé sáré ra gọ́ọ̀mù tuntun. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Akọ̀wé ní tó bá délé, kó kọ ojú àlẹ̀mọ́ náà sí ògiri. "Ta ló ń wo ẹ̀yìn ìkòkò?"

Kí bàbá tó dé ló ti dá a padà sórí pẹpẹ bẹ́ẹ̀, lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tó wò ó. Ní Sátidé, bàbá ta á ní èékánná. Kọ́. Bó ṣe máa ń dún tẹ́lẹ̀ náà ló dún. Bàbá dúró díẹ̀, ó kọjá sí èyí tó kàn, ó ní kò sẹ́ni tó mọ ìkòkò tọ́jú bí ọmọ òun. Ó yẹ kí ara tu Abẹ́rẹ́. Àmọ́ ara ò tù ú. Gbogbo ìgbà tó bá gba pálọ̀ kọjá, ẹ̀yìn ìkòkò yẹn nìkan ló ń rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ògiri ló kọjú sí.

Ní Mọ́ńdè, ó sọ fún Akọ̀wé pé òun máa jẹ́wọ́. Akọ̀wé gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Màá bá ẹ lọ. Èmi ni mo ní kó o kọ ọ́ sí ògiri."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán ní pálọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ìkòkò náà lé orí itan rẹ̀.

"Láti Sátidé ni mo ti mọ̀," ló wí. "Òórùn gọ́ọ̀mù tuntun kì í pamọ́. Ìyá ẹ ló kọ́kọ́ fọ́ ọ, nígbà tó kọ́kọ́ wá kí mi. Ó lẹ̀ ẹ́, ó kọ ọ́ sí ògiri, ó rò pé mi ò mọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi dúró dè é. Ọjọ́ tí a gbé ẹ ní ọmọ jòjòló délé láti ọsibítù ló tó sọ ọ́, ó ní kí ọmọ òun má wá bá irọ́ nínú ilé. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fẹ́nì kankan. Ìdí tí mi ò fi sọ fún ẹ pé omi á tú gọ́ọ̀mù náà nìyẹn." Ó fi àtàǹpàkò ra ojú àlẹ̀mọ́ náà. "Àmì ìka rẹ̀ wà nínú gọ́ọ̀mù àtijọ́ yẹn."

Abẹ́rẹ́ rántí aṣọ tó fi nù ún dànù. Ẹkún gbé e mì.

"Ẹ má bínú, sà," ni Akọ̀wé wí jẹ́jẹ́.

"Ó dùn mí," ni bàbá wí, "mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ ọdún mẹ́ta ni mo fi retí ìyá ẹ. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi retí ìwọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ó gbé ìkòkò náà padà sí pẹpẹ, ó yí i, ojú àlẹ̀mọ́ náà sì kọjú sí gbogbo ilé. Láti ọjọ́ náà ni Abẹ́rẹ́ ti mọ̀ pé irọ́ tí èèyàn bá kọ ojú rẹ̀ sí ògiri, ẹni tó gbé e síbẹ̀ ni yóò máa rí i lójoojúmọ́, àti pé bí òtítọ́ bá máa dunni, kó yáa tètè dunni. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, òun ni bàbá ní kó fi èékánná ta á.

Kọ́, ló dáhùn.