Fèrè Ìkìlọ̀ Tí Ará Ìbàfò Kò Gbà Gbọ́ Mọ́

Àkàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n nínú agbada Sùwéébátù létí títì Ìbàfò nígbà tí fèrè ìkìlọ̀ ìjọba ké lórí rédíò rẹ̀: “Tánkà epo ti ṣubú ní Ìbàfò. Ẹ kúrò níbẹ̀!”

Sàlàkọ́ ọlọ́kadà gbójú sókè. “Ìyá Alákàrà, ẹ gbọ́?”

“Mo gbọ́ kí ni? Wọ́n tún ń dán fèrè wò ni. Níjọ́sí tí wọ́n fun ún, ṣebí ìwọ lo gbé kẹ́ẹ̀gì sáré lọ bu epo? Kí lo rí bù?”

“Eruku.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ní ilé iṣẹ́ rédíò ní Mowe, Hàfísátù, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí wọ́n pàṣẹ fún láti fun fèrè náà, kò rẹ́rìn-ín. Ó pe Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń darí ìdánwò náà.

“Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ jẹ́ kí a máa sọ fáráàlú pé ìdánwò ni.”

“Bí ẹ bá sọ ọ́, wọn ò ní kà á sí.”

“Wọn ò kà á sí mọ́ báyìí, sà. Lákọ̀ọ́kọ́, kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n gbé. Ní báyìí, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi wá rín.”

“Màdáámù, iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ fun fèrè. Bí ẹ bá ní ẹ̀sùn, ẹ kọ̀wé.”

“A ti kọ ọ́ títí, sà.”

Kò pẹ́ sí i, tánkà ṣubú ní Ìbàfò ní tòótọ́. Olùgbọ́ kan tó wà níbẹ̀ ló pe ilé iṣẹ́ rédíò. Òfin ni pé ìkìlọ̀ kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé Olúgbádé fọwọ́ sí i. Hàfísátù pè é, pè é. Kò gbé fóònù.

Ó pa orin tó ń lọ lọ́wọ́. Kò fun fèrè.

“Hàfísátù ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Èyí kì í ṣe ìdánwò. Epo bẹntiróò ń ṣàn ní Ìbàfò. Ẹ pa iná. Ẹ má tan ọ̀kadà. Ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì wá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!”

“Wọ́n tún ti dé,” ni Sàlàkọ́ wí, ó sì na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀.

“Má tan án! Ṣé o gbọ́ fèrè? Wọn ò fun ún lọ́tẹ̀ yìí. Ohùn ọmọ yìí ń gbọ̀n!”

Sùwéébátù fi iyanrìn bo ààrò, ó fa Sàlàkọ́ lápá, wọ́n sá. Nígbà tí epo ṣàn dé ìdí ààrò náà, iyanrìn ló bá níbẹ̀.

Nígbà náà ni Olúgbádé tó pè. “Ta ló fún yín láṣẹ láti kìlọ̀ láìfun fèrè?”

“Ará ìlú kò gba fèrè yín gbọ́ mọ́, sà,” ni Hàfísátù dáhùn.

Ẹ̀yin ará Mowe, Ìbàfò àti Ìfọ̀, bí ẹ bá gbọ́ pé tánkà ṣubú, ẹ pa iná, ẹ jìnnà síbẹ̀, ẹ má bu epo. Bí kò bá dá yín lójú bóyá ìdánwò ni, ẹ kọ́kọ́ sá kí ẹ tó béèrè.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ kéde ìdánwò kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ẹ pè é ní ìdánwò, kí ẹ sì máa gbé fóònù yín. Ẹni tó bá ń fi ikú tí kò sí dẹ́rù ba ará ìlú ń kọ́ wọn láti jókòó de èyí tó ń bọ̀.