Kéèkì Oyin Tó Jóná Lọ́jọ́ Ikú Aládùn

Orí Aládùn ti fọ́. Kò sì fọ́ ní kékeré o. Igi gbọọrọ tí wọ́n fi ń tẹ́ fúláwà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú rẹ̀, irun àti ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Èéfín dúdú ṣì ń rú lókè àjà ilé iṣẹ́ kéèkì náà.

Ọ̀fíntótó bo imú, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé. Obìnrin ni, ọ̀gá sì ni láàárín àwọn ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ọ̀fíntótó, torí tó bá dé ìdí ọ̀rọ̀, àfi kó tú u délẹ̀. Àmọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ wo òkú tán tí igbe fi ta lóde.

"Ẹ pa á! Ẹ má jẹ́ kó lọ!"

Ó sáré jáde. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń lù, obìnrin tó ń bá Aládùn yan kéèkì. Wọ́n ti la igi mọ́ ọn lẹ́nu, eyín rẹ̀ méjì ti yọ. Ìyàwó Aládùn fúnra rẹ̀ ló di irun rẹ̀ mú, tó ń gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri.

"Apànìyàn! Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi láṣọ rẹ̀! Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Ọ̀fíntótó yọ ìbọn, ó yìn ín sókè.

"Ẹni tó bá tún fọwọ́ kàn án, òun lọta kejì máa bá. Ìka tó bá ṣẹ̀ la máa ń gé. Ta ló sọ fún yín pé ìka yìí ló ṣẹ̀?"

Ó fa Ìyá Ìbejì wọlé, ìyàwó Aládùn tẹ̀ lé wọn, Kọ́pùrù, ọlọ́pàá tó bá Ọ̀fíntótó wá, sì ti ilẹ̀kùn. Ṣé àwọn èrò lọ? Rárá o. Wọ́n ń ju òkúta lu ilẹ̀kùn, gbàgà, gbàgà.

"Ọ̀gá mi, ilẹ̀kùn yìí ò ní pẹ́ já," ni Kọ́pùrù wí, òógùn ti bò ó. "Bí a ò bá rí ẹni tó pa ọkùnrin yìí, lójú wa báyìí ni wọ́n á ti pa obìnrin yẹn."

"Mo mọ̀. Jẹ́ kí n ronú."

Ẹnì kan ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó ń sunkún. Àbúrò Aládùn ni, Baba Iná. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti wà láyé ló ti ń ṣọ́ ààrò gáàsì ilé iṣẹ́ náà. Ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọkọ̀ ló ń wà. Òun ló ń já kéèkì fún àwọn oníbàárà.

Ìyá Ìbejì ni Ọ̀fíntótó kọ́kọ́ dojú kọ. "Báwo lẹ̀jẹ̀ ṣe dé aṣọ rẹ?"

"Mo gbé orí wọn lé itan ni, mà." Ẹ̀jẹ̀ ẹnu ń dí i lọ́rọ̀. "Mo ti da kéèkì oyin sínú agolo, mo gbé e sórí tábìlì. Ẹyin tán, ni ọ̀gá mi bá ní kí n lọ rà á wá. Wọn ò tíì tan ààrò rárá. Nígbà tí mo máa fi dé, èéfín ti gba gbogbo ilé. Mo pa gáàsì, mo bojú wolẹ̀, mo rí wọn..." Ó bú sẹ́kún.

"Ibo lo ti pa á?"

"Nídìí agolo gáàsì, lẹ́yìn ilé. Mi ò tilẹ̀ dé ara ààrò."

"Ta lo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ?"

"Bùọ̀dá Baba Iná. Wọ́n ń kó ẹrù sọ́kọ̀."

Ìyàwó Aládùn fò dìde. "Irọ́ ló ń pa! Láàárọ̀, kéèkì oyin. Lálẹ́, kéèkì oyin. Ọkọ mi ò ráyè tèmi mọ́, àfi òun àti oyin!"

"Ìwọ ńkọ́? Níbo lo wà?"

Obìnrin náà fọwọ́ kan orí rẹ̀. Wọ́n ti di irun apá ọ̀tún, ti apá òsì dúró ṣàngì. "Ibi tí mo wà nìyí. Àwọn onídìrí ló bá mi sáré wá. Wọ́n wà níta níbẹ̀ yẹn, wọ́n ń sọ̀kò."

Bí ọ̀rọ̀ ò bá burú tó bẹ́ẹ̀, Ọ̀fíntótó ì bá rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Baba Iná.

"Kò sóhun tó ṣe ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí mo fi í sílẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Ojú mi ló ṣe tan ààrò, tó gbé kéèkì sí i. Mo ní ó dàbọ̀, mo wakọ̀ lọ. Ilé ìwé ni mo ti ń já kéèkì tí wọ́n fi pè mí. Ẹ bi wọ́n wò."

Kọ́pùrù ti pè wọ́n lórí fóònù. Ó mi orí. "Òótọ́ ni, ọ̀gá mi. Ó wà níbẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí Aládùn bá wà láàyè nígbà tí àbúrò rẹ̀ lọ, a jẹ́ pé Ìyá Ìbejì nìkan ló padà bá a."

Òkúta mìíràn ba ilẹ̀kùn. Pákó kan là. Ìyá Ìbejì ká jọ sí igun ilé, ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lábẹ́ ahọ́n.

Ọ̀fíntótó lọ síbi ààrò. Ó ṣí i. Kéèkì inú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ó ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Omi kéèkì tútù ṣàn jáde. Ẹ̀yìn jóná, inú ò jinná. Ó wo ibi tí wọ́n ti ń yí iná: àmì karùn-ún ló wà.

Òun náà ti fi ojú ara rẹ̀ rí èyí rí. Nígbà tóun náà fi oyin rọ́pò ṣúgà nílé, bí kéèkì tirẹ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn, títí ẹnì kan fi là á lọ́yẹ̀: oyin kì í pẹ́ pọ́n bíi ti ṣúgà, èèyàn ní láti dín iná kù, kó dín wàrà kù, kó sì ní sùúrù.

Ó yọ agolo kéèkì náà, ó yí i sọ́tùn-ún sósì. Ohun dúdú kan ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan níta, tó-tò-tó. Ó fi omi rẹ aṣọ funfun, ó fi nù ún. Aṣọ pọ́n.

Ló bá lọ wo tábìlì. Ẹ̀jẹ̀ àti fúláwà kún orí rẹ̀, àfi ojú kan róbótó tó mọ́ láàárín. Ó gbé agolo kéèkì lé e. Ó bá a mu rẹ́gí.

Ó padà síbi ààrò, ó yí ibi tí wọ́n ti ń yí iná padà sí òdo. Kò jẹ́ kí ohun tó rí hàn lójú.

"Baba Iná," ló wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, "ẹ̀yin lẹ mọ ààrò yìí jù. Ká ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ yan kéèkì oyin yẹn, ibo lẹ máa yí iná sí?"

Ọkùnrin náà nu ojú. Kò tilẹ̀ wo ibi tó fọwọ́ sí. Kárá! Àmì karùn-ún. "Ibi tí bàbá mi ń yí i sí nìyẹn. Oyin ni o, ṣúgà ni o, iná kéèkì ni iná kéèkì."

"Ìyá Ìbejì, ìwọ ńkọ́?"

Obìnrin náà wọ́ ara rẹ̀ dé ibẹ̀. Àmì kejì ló yí i sí. "Ibí ni ọ̀gá mi máa ń yí i sí, mà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á jó."

"O mà jọ ara rẹ lójú!" Ìyàwó Aládùn ò mọ ìgbà tó sọ ọ́. "Ṣebí torí pé Baba Iná ń jó kéèkì oyin lójoojúmọ́ ni ọkọ mi fi gba ààrò lọ́wọ́ rẹ̀, tó gbé e fún..." Ó wo àbúrò ọkọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ò pa dé mọ́.

"Ẹ gbọ́ o," ni Ọ̀fíntótó wí. "Orí tábìlì ni agolo yìí wà nígbà tí wọ́n fọ́ orí Aládùn. Ẹ̀jẹ̀ tò yí ìdí rẹ̀ ká, ó sì ta sí i lára. Ẹ̀yìn ìgbà tó ti kú ni kéèkì tó wọ ààrò. Òkú kì í gbé kéèkì síná. Baba Iná, ìwọ lo sọ pé níṣojú rẹ ló gbé e sí i. Irọ́ ni. Ẹni tó sì gbé e sí i yí iná sí àmì karùn-ún. Èwo nínú àwọn tó wà níbí ló máa ń yí i síbẹ̀?"

Kò tíì sọ tán tí Baba Iná fi fò. Ọ̀bẹ kéèkì ló gbá mú. Kọ́pùrù nawọ́, ọ̀bẹ là á lápá títí dé eegun. Ìyá Ìbejì ló dojú kọ. Ó fún un lọ́rùn, ó gbé ọ̀bẹ sókè.

"Ìwọ lo gba ààrò mi! Ìwọ ni!"

Ọ̀fíntótó yìnbọn. Ọta wọ ọkùnrin náà léjìká, ó wó lulẹ̀ gbì, ọ̀bẹ fò lọ. Ọ̀fíntótó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láyà.

"Ó yá, sọ ọ́."

"Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi!" Baba Iná ń ké, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn léjìká rẹ̀. "Mo ní kó dá ààrò mi padà fún mi. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ èéfín níbẹ̀. Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín! Ó ní màá wakọ̀ títí màá fi kú, pé Ìyá Ìbejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mọ iná jù mí lọ. Mo lù ú. Ó ṣubú, mo tún lù ú. Mi ò lè dáwọ́ dúró mọ́."

"Aṣọ tó o wọ̀ nígbà yẹn ńkọ́?"

"Aṣọ iṣẹ́ ni. Ó wà nínú ọkọ̀, lábẹ́ àwọn páálí."

"Kéèkì yẹn ńkọ́?"

"Kí wọ́n lè gbà pé ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí mo ti lọ. Mo rò pé jẹ́jẹ́ ló máa jinná. Mi ò mọ̀ pé ó máa jó, kó pe gbogbo àdúgbò."

"Wọn ò sọ fún ọ pé oyin máa ń tètè jó ni?"

Ọkùnrin náà dijú. "Wọ́n sọ fún mi."

Ìyàwó Aládùn kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Ìbejì. "Dárí jì mí. Ojú mi ló dí."

"Mo bẹ̀ yín nígbà tí ẹ ń lù mí," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ẹ di irun mi mú, mo ń pariwo pé ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ẹ ò gbọ́." Ó fi í sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ọ̀fíntótó di Baba Iná mú lọ́wọ́ kan, ó di ìbọn mú lọ́wọ́ kejì. Ó kígbe sọ ẹni tó pa Aládùn. Ìgbà yẹn ni àwọn èrò tún gbé igi.

"Ẹ pa á! Ẹ pa òun náà!"

Wọ́n ya lù wọ́n. Igi ba Ọ̀fíntótó léjìká, ìbọn fẹ́ẹ̀ bọ́. Ni Ìyá Ìbejì bá já síwájú, ojú rẹ̀ wú, ẹnu rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀, ó dúró sáàárín wọn àti ẹni tó fẹ́ pa á.

"Ẹ fi í sílẹ̀! Ṣé ọwọ́ ò tíì ro yín ni? Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lu ẹni tí kò ṣẹ̀ tán!"

Ẹni tó wà níwájú sọ igi rẹ̀ kalẹ̀, kò lè wò ó lójú. Àwọn èrò yà fún wọn, Ọ̀fíntótó sì mú Baba Iná kọjá.