Ìkarahun Nínú Ìkòkò Kimchi

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ìwọ tó wà lẹ́yìn yẹn, máa bọ̀ níwájú, àyè ṣì wà lórí ẹní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Haerim, ọmọ iléèwé kan létí òkun, ṣí ìkòkò kimchi, ewébẹ̀ oníyọ̀ àti ata tí wọ́n máa ń jẹ́ kó kan díẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀. Ó ti kan jù! Ìyá àgbà rẹ̀ ti ní kó gbé e sínú fíríìjì, ṣùgbọ́n fóònù ló gbájú mọ́. Ìkòkò wà mọ́jú lórí ilẹ̀ yàrá tí iná ń mú gbóná láti abẹ́, ooru sì mú kó kan. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin tó ń bá ìyá àgbà rẹ̀ wa ẹran inú ìkarahun nínú ẹrẹ̀ etí òkun ń bọ̀ wá jẹun nírọ̀lẹ́.

"Ra ti ṣọ́ọ̀bù, kó o dà á síbẹ̀," Minseo, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sọ lórí fóònù. "Ta ló máa mọ̀?"

Haerim ti wọ bàtà tán kó tó rí ọwọ́ ìyá àgbà, tí iyọ̀ àti òtútù ti mú kó là nítorí kimchi yìí kan náà. Ó bọ́ bàtà.

"Màmá àgbà, èmi ni mo bà á jẹ́. Mi ò gbé e sí fíríìjì."

Ìyá àgbà tọ́ ọ wò. "Yéè! Èyí á já irun imú èèyàn! Lọ fọ ìkarahun wá. Òun ló ń pa kíkan."

Haerim kó odidi ìkarahun sí i. Ọ̀sán pọ́n, kíkan ò dín. Kó gbé e síná ni? Tíṣà rẹ̀ ti sọ níléèwé pé ooru ń mú kí omi kíkan tètè jẹ ìkarahun. Àmọ́ ooru náà ló ṣáà bà á jẹ́! Ló bá rántí ohun tí wọ́n rí ní kíláàsì: odidi ìkarahun kàn ń hó díẹ̀díẹ̀ nínú fínígà, omi kíkan inú ìgò, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gún hó ṣùù, torí pé ibi tí omi kíkan bá fara kàn nìkan ló lè jẹ, gígún sì ń sọ irú ibẹ̀ di púpọ̀.

"Màmá àgbà, ẹ jẹ́ ká gún un!"

"Ká wá jẹ iyanrìn?"

"A ó dì í sínú aṣọ ká tó kì í bọ ìkòkò."

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín, ó sì gbé ọmọ odó, ó ń kọrin:

"Kíkan, rọra o,
ìkarahun ń bọ̀ wá bá ọ,
gún un, gún un, kó kúnná o!"

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Dongsik, ọ̀kan lára àwọn obìnrin náà, bu kimchi sórí ìrẹsì. "Ó kan díẹ̀, ó sì ń dùn lọ! Ta ló ṣe é?"

"Haerim ló bà á jẹ́," ìyá àgbà dáhùn, "Haerim náà ló tún un ṣe."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún bù sí i.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi: àṣìṣe tí ẹ bá dì pamọ́, kò sí ìrànlọ́wọ́ tó lè fara kàn án. Ẹ tètè tú u síta. Haerim tú tirẹ̀ síta, ìkòkò ṣófo, gbogbo wọn sì yó lọ sílé pẹ̀lú orin lẹ́nu.