Oṣù Àìbínú Máyọ̀kún

Orí àga ni Àrìnpé wà nígbà tí Máyọ̀kún kọ́kọ́ rí i. Ó na apá, ó ń nu fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Oòrùn àárọ̀ gba ara gíláàsì bọ́ sí i lójú, ó di ojú kan, ó ń kọrin lọ. Wẹ́dà, ajórin, ni Máyọ̀kún; géètì ṣọ́ọ̀ṣì tó já ló wá jó pọ̀. Ó gbàgbé géètì.

"Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà, géètì ò sí lójú mi o."

"Mo ti rí i."

"Ẹ wá lọ jó o."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Máyọ̀kún ń wá sí àdúrà òwúrọ̀ níbẹ̀ kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Pápá Àjàó. Bí wọ́n bá ti túká, òun àti Àrìnpé a jọ rìn dé títì.

Ọkùnrin tó ṣeé fi yangàn ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ìbínú nìkan ni ìyọnu rẹ̀. Ló bá jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé òun kò ní lọ rí bàbá Àrìnpé àfi tí òun bá lo oṣù kan gbáko láìbínú. Bó bá gbaná jẹ, a tún bẹ̀rẹ̀ oṣù mìíràn. Òjò rọ̀, òjò dá, oṣù yẹn kò parí. Kò sọ fún Àrìnpé. Àrìnpé rò pé kò fẹ́ òun ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Máyọ̀kún jókòó, ó káwọ́ lérí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èébú lé Àbdùlsàmàd, oníbàárà rẹ̀, jáde ni.

"Àwọn ará ilé Rótìmí, ẹni tó ti ń dẹnu kọ mí, fẹ́ wá tọrọ mi lọ́la," ni Àrìnpé wí. "Mo ní kí n gbọ́ tẹnu rẹ."

Máyọ̀kún wá jẹ́wọ́ ẹ̀jẹ́ náà. Ó ní, "Mo tún ti bà á jẹ́ lónìí."

Àrìnpé wò ó títí. "Máyọ̀ mi, ta ló ní kó o san owó oore-ọ̀fẹ́? Bó o bá pé tán, kí lo tún fẹ́ fi Jésù ṣe?"

Máyọ̀kún sọ ọwọ́ kalẹ̀ kúrò lórí.

"Dìde, lọ bẹ Àbdùlsàmàd."

Ó lọ. Àbdùlsàmàd ní, "Wẹ́dà, orí ẹ gbóná ju iná iṣẹ́ ẹ lọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó dárí jì í.

Láti ibẹ̀, àwọn méjèèjì kọjá sí ilé àwọn Àrìnpé ní Àgùdà. Bàbá Àrìnpé, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, wo ṣẹ́ẹ̀tì Máyọ̀kún tí iná iṣẹ́ ti jó.

"Wọ́n ní o máa ń bínú."

"Òótọ́ ni, sà. Mo bínú lónìí pàápàá."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo lọ bẹ ẹni tí mo ṣẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń tọrọ agbára, sà. Èmi nìkan ò lè dá a ṣe."

Bàbá mi orí. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. "Bàbá Àrìnpé, bẹ́ẹ̀ gan-an lẹ ṣe wí fún bàbá mi."

"Ṣé mo bi ọ́?" Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀. "N ó ránṣẹ́ sí ilé Rótìmí kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu. Máyọ̀kún, kí àwọn èèyàn rẹ wá rí wa. Ó yá, ṣáájú wa nínú àdúrà."

Nínú ilé yẹn, àlejò kì í ṣáájú nínú àdúrà. Ọmọ ilé ló ń ṣe é.

Máyọ̀kún kúnlẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ńláńlá sá lẹ́nu rẹ̀. "Olúwa," ó ní, "agbára mi ti tán lónìí. Ràn wá lọ́wọ́ lọ́la."

Àrìnpé ló kọ́kọ́ ṣe àmín. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ Máyọ̀kún mú, lójú bàbá rẹ̀.