Nọ́ńbà Tí Kò Gbọdọ̀ Pè

Ìka Faridah ni Ọládiméjì kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn ọjà Ìjerò, àwọn obìnrin tó ń forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì ìjọba fún ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fẹ́ pín ní Ìkògòsì kàn ń tẹ "Mo gbà" ṣáá ni, wọn ò tiẹ̀ wo ohun tí wọ́n ń gbà. Ìka Faridah tó jẹ́ aránṣọ nìkan ló dúró gbagidi lókè fóònù. Ó wé híjáàbù aláwọ̀ ọsàn, ó fajú ro, ó ń kà á bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀.

Ọládiméjì ló ń bójú tó ìkànnì náà, ló bá sún mọ́ ọn. Faridah bi í pé kí ni kúkì tí wọ́n kọ síbẹ̀ yìí. Ọládiméjì ní àmì kékeré kan ni tí ìkànnì ń fi sínú fóònù, kó lè dá èèyàn mọ̀ bó bá padà wá, ó ní bí kò bá wù ú, ó lè kọ̀ ọ́. Faridah kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

"Nọ́ńbà mi ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù nìkan ni. Èmi pàápàá ò gbọdọ̀ fi pè yín fún nǹkan mìíràn."

Faridah rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ó máa wo ìjọba. Ẹ̀rín yẹn ló ba ọmọkùnrin náà jẹ́ pátápátá. Háà, ẹnu ara rẹ̀ ló kó bá a, ó ti ní òun ò ní pè é!

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ Ọládiméjì padà sí Ìjerò, ó ní òun wá tún àwòrán àwọn obìnrin tó wà lórí ìkànnì ṣe. Irọ́ ni, àwòrán kankan ò bàjẹ́. Wọ́n jẹ àgbàdo sísè níwájú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Faridah, obìnrin náà ń pè é ní "Ìjọba mi" láti fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́, inú Ọládiméjì sì ń dùn. Ṣùgbọ́n kò sọ tinú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù obìnrin yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá dárúkọ ìfẹ́, ṣé kò ní dà bí ẹni tó ń gba rìbá? Philip tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní kó mú nọ́ńbà náà jàre, ta ni yóò mọ̀? Ó kọ̀.

Faridah ní tirẹ̀ ò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ mọ́. Bí fóònù bá ti dún, á sáré wò ó bóyá Ọládiméjì ni. Bàbá rẹ̀, Alhaji Sànní, ti ní kó fún àwọn ẹbí Mujeeb, ọkùnrin tó fẹ́ fi í ṣaya, ní Àrámọ̀kọ lésì tó bá di ọjọ́ Àìkú. Mujeeb kì í ṣe ènìyàn burúkú, ọkàn rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. Bíntù ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá là á mọ́lẹ̀ fún un: ọkùnrin tó ní nọ́ńbà rẹ tí kò pè ọ́, kò fẹ́ ọ ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọra. Ó fi ìbínú ṣí ìkànnì, ó ní kí wọ́n pa gbogbo ohun tó jẹ mọ́ òun rẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Ọládiméjì rí ìbéèrè náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò lè ṣàìṣe é. Ó pa á rẹ́: ṣọ́ọ̀bù lọ, nọ́ńbà lọ. Ó jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ìgbà tó yá ló yé e pé kò sí ohunkóhun Faridah lọ́wọ́ òun mọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìjerò.

Ó bá bàbá àtọmọ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó wá kọjú sí Faridah.

"Nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yín wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè bá yín sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ẹ ti gba ohun yín padà báyìí. Mo nífẹ̀ẹ́ yín. Bẹ́ ẹ bá ní kí n máa lọ, màá lọ."

Ojú ti Faridah. Gbogbo ìgbà tó rò pé ọkùnrin yìí ò ka òun sí, ṣe ló ń pa òun mọ́.

Alhaji wo ọmọ rẹ̀. "Mujeeb ń pè ọ́ lójoojúmọ́. Èyí ò pè ọ́ rí. Èwo lo fẹ́?"

"Bàbá mi, ẹni tó ní nǹkan mi lọ́wọ́ tí kò fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ, òun ni mo lè fọkàn tán. Òun ni mo fẹ́."

Alhaji gbé fóònù rẹ̀. Ó pe bàbá Mujeeb, ó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì kó tó sọ pé Faridah ò ní fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó wá kọjú sí Ọládiméjì, ó ní kó mú àwọn ẹbí rẹ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọkùnrin náà ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Alhaji fúnra rẹ̀ ló fà á dìde. Faridah sì bú sẹ́kún ayọ̀.